Owú Jíjẹ ní Ilé Iṣẹ́ Òwú

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé páńẹ́lì sólà àkọ́kọ́ gun òrùlé ilé iṣẹ́ òwú kan ní Ìsọlọ̀, kò sẹ́ni tó rán Mísbáù níṣẹ́ kankan. Láti àárọ̀ ló ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ́ńjìnnì, tó ká ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń wo àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n so okùn mọ́ ìdí tí wọ́n ń rìn lórí páànù bí ológbò. Kì í ṣe páńẹ́lì ló ń dùn ún. Ẹni tó dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ náà ló ń dùn ún. Sirajudeen ni.

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Mísbáù ti ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ti gbó, ó tóbi, ó wúwo. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan wà nídìí rẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì náà, kẹ̀kẹ́ yẹn á ṣì máa yí fúngbà díẹ̀ kó tó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìyá Àgbà ni Mísbáù ń pè é. Èkejì kéré, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó yára, kì í sì í mu dísẹ́ẹ̀lì púpọ̀. Iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà àwọn méjèèjì yìí ló ń gbé gbogbo ẹ̀rọ tó ń lọ́ òwú ìránṣọ tó sì ń wé e mọ́ róòlù. Bí Mísbáù bá kírun àárọ̀ tán nílé rẹ̀ ní Òkè-Afà, òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa ń wọ ọgbà. Bàbá Iná làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Orúkọ yẹn máa ń dùn mọ́ ọn létí.

Ta wá ni Sirajudeen? Nígbà tí Mísbáù fẹ́ gba òmìnira lọ́dọ̀ Bàbá Abdulhameed, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Òṣòdì, ni wọ́n mú Sirajudeen wá síbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, tó gbẹ bí igi ìdáná, tí kò mọ nǹkan kan. Mísbáù ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Mísbáù ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹnu sikurudiráfà lé ara ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ sétí, kí wọ́n sì gbọ́ àìsàn tí ojú ò lè rí. Nígbà tó yá, ọmọ náà lọ kọ́ iṣẹ́ sólà. Wọn ò fojú kan ara wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Àfi bí Sirajudeen ṣe wọ ọgbà pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sí láyà.

Kí á má purọ́, Sirajudeen ò gbéra ga. Bó ṣe rí Mísbáù ló dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí epo ti rin.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin náà rèé!" Ó dìde, ó kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Abórìṣàdé, máníjà ilé iṣẹ́ náà. "Sà, ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì."

Máníjà rẹ́rìn-ín, ó gbá Mísbáù léjìká. "O kọ́ ọ dáadáa nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ti wá ju olùkọ́ lọ." Ó yíjú sí Sirajudeen. "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká lọ wo òrùlé."

Mísbáù gbọ́ ọ. Ọdún kọkànlélógún, "o" ni ọkùnrin yẹn ń pe òun. Ọmọ tí òun kọ́ lọ́wọ́ dé lónìí, ó di "ẹ."

Nígbà tó délé, ó ṣe bí ẹni sọ ọ́ ṣeré fún ìyàwó rẹ̀, Lateefah. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Sirajudeen tó máa ń wá jẹun nílé wa? Alhamdulillah! Ọmọ tó fara balẹ̀ ni, mo ti mọ̀ pé yóò dénú ọlá. Bàbá Memunat, ẹ ò ṣe ní kó kọ́ ẹ̀yin náà ní sólà ọ̀hún?"

Mísbáù ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ó ní inú òun kún.

Láàárín oṣù méjì, nǹkan yí padà nínú ọgbà. Bí oòrùn bá ti yọ dáadáa, sólà lá máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù àwọn ẹ̀rọ. Sirajudeen sọ fún máníjà pé kò sídìí tí jẹnẹrétọ̀ méjì yóò fi máa jó dísẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án mọ́: kí wọ́n pa èyí tó gbó, kí kékeré máa ti sólà lẹ́yìn. Wọ́n bá pa Ìyá Àgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mísbáù jókòó tì í lọ́sàn-án gangan tí kò dún, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó jókòó ti òkú. Máníjà ń mú àlejò wá láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lágbègbè, wọ́n ń tọ́ka sí òrùlé, wọ́n ń bọ Sirajudeen lọ́wọ́. Wọ́n á kọjá níwájú ilé ẹ́ńjìnnì bí ẹni kọjá níwájú ilé ìgbẹ́.

Mísbáù ń kà á. Ó mọ iye ìgbà tí wọ́n pe Sirajudeen lọ́fíìsì láàárín ọ̀sẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tó wọ bàtà tuntun. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń rẹ́rìn-ín lápá ibi tí Sirajudeen wà, á rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n wàásù nípa ìlara ní mọ́ṣáláṣí, ó sì sọkún díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó tún ń kà á.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà dé.

Ìkùukùu ló fà á. Ìkùukùu ìbẹ̀rẹ̀ òjò Èkó kì í dúró lójú kan. Á bo oòrùn, á ṣí, á tún bò ó. Ní gbogbo ìgbà tó bá bò ó, iná inú gbọ̀ngàn iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ kó tún ṣú, mọ́lẹ̀ kó tún ṣú, bí ẹni tí ń ṣẹ́jú. Àwọn ẹ̀rọ á sáré, wọ́n á tún rọ. Òwú kì í fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fà á lójijì, á já. Nígbà mìíràn, òwú ogójì á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ á máa sáré kiri, wọ́n á máa so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Salimat, ọmọ Ìwó kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wọn, sọ pé láti ọjọ́ tí sólà ti dé, èékánná òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ kejì ni Mísbáù ti mọ ohun tó ń ṣe é. Etí ló fi mọ̀ ọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mí: hùùù, á lọ sókè, hùn-ún, á wá sílẹ̀. Ọ̀pá aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì lórí pátákó iná, tó yẹ kó dúró lórí àádọ́ta gbọnrangandan, ń jó lọ síwá sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà ò le lójú rẹ̀. Bí ẹrù bá já lé Ìyá Àgbà lójijì, kì í ta gìrì. Ìwúwo kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀ lá kọ́kọ́ gbà á mọ́ra, títí ẹ́ńjìnnì á fi rí àyè mu dísẹ́ẹ̀lì tó tó. Kékeré ò ní ìwúwo yẹn, sólà ò sì ní in rárá, torí kò sí ohun tó ń yí nínú páńẹ́lì. Nítorí náà, bí ìkùukùu bá bo òrùlé, ẹrù á já lé kékeré, á rọ. Á gbé dísẹ́ẹ̀lì mì gbùn-ún, á sáré ju bó ṣe yẹ. Ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ agbára oòrùn di iná, á rí i pé eré ti pọ̀ jù, á fà sẹ́yìn. Bó bá ṣe ń fà sẹ́yìn, ẹrù á tún já lé kékeré lórí. Wọ́n wá dà bí ọkùnrin méjì tó gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan: nígbà tí ọ̀kan ń gbé e sókè, èkejì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, oníkálukú sì rò pé òun ń ran èkejì lọ́wọ́.

Sirajudeen ò rí i. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà náà ń kọ bí iná ṣe rí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni iná fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ ló dára. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá sí ilé ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítòsí àga Mísbáù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí tọ̀sán-tòru. Kí lẹ gbọ́?"

Mísbáù wo ẹyinjú rẹ̀. Gbólóhùn náà wà lórí ahọ́n rẹ̀: dá Ìyá Àgbà padà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n ó rántí èjìká tí máníjà gbá. Ó rántí Lateefah tó ń pàtẹ́wọ́.

"Èmi? Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì tèmi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹnjiníà lẹ mọ tiyín."

Sirajudeen wò ó díẹ̀ sí i, ó dìde, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun." Bó ṣe ń lọ, èjìká rẹ̀ wálẹ̀, adùn kan sì gba inú Mísbáù kọjá. Kò tíì rí irú adùn bẹ́ẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, máníjà dẹ́kun "ẹ" pípè. Ó ń pariwo mọ́ Sirajudeen níwájú àwọn òṣìṣẹ́ pé òwú tó ń ṣòfò ti ju dísẹ́ẹ̀lì tó ń pa mọ́ lọ. Mísbáù á máa nu ọwọ́ rẹ̀ tí kò dọ̀tí, á máa gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú kan ni ọ̀rọ̀ náà gbó. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán, oòrùn mú gan-an, ìkùukùu dúdú kan sì yọ láti apá òkun. Bó ṣe bo òrùlé, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò rọlẹ̀. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ọ̀pá aago lọ sí méjìdínláàádọ́ta, ó fò sí méjìléláàádọ́ta, ó tún padà sẹ́yìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ọmọ tó ń fi jangirọ́fà ṣeré tí wọ́n ń tì lẹ́yìn. Ìnfátà rí i pé iná náà ti bàjẹ́, ó já ara rẹ̀ kúrò. Gbogbo ẹrù já lé kékeré lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kérora, ó gbọ̀n, ó kú.

Gbogbo ọgbà pa lọ́lọ́. Ní ilé iṣẹ́ tí ariwo kì í dá, ìdákẹ́jẹ́ nìkan tó láti dẹ́rù bani. Lẹ́yìn náà ni Mísbáù gbọ́ ẹsẹ̀ máníjà tó ń sáré bọ̀, Sirajudeen sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Iná! Gbà wá o! Dá iná padà!"

Níwájú Sirajudeen. Mísbáù ò lè ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ó lọ sídìí Ìyá Àgbà, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì ńlá náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó gbá mú. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Máníjà pariwo pé, "Ọ̀gá ni ọ́!" Mísbáù yíjú wo Sirajudeen, ó rí i pé ó ń wo òun, ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti súìṣì ńlá tó ń gbé iná wọ gbọ̀ngàn sókè, gbàgà, bí ọba tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ.

Aago pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì yẹn. Òfin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n tó dá iná padà, wọ́n á lu aago ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ lè yọ ọwọ́ wọn. Mísbáù fúnra rẹ̀ ló so aago náà mọ́ ògiri. Ọdún kọkànlélógún, kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Igbe tó dún láti inú gbọ̀ngàn bo ohùn Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀.

Salimat ni. Nígbà tí iná lọ, ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ẹ̀rọ láti tú òwú tó lọ́ mọ́ ìdí róòlù. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì fa ìka méjì wọlé kí ẹnì kan tó pa á. Mọ́tò Sirajudeen ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní sólà ló fa ìjàǹbá yìí, kí Sirajudeen kó páńẹ́lì rẹ̀ kúrò lórí òrùlé òun kó tó di òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní ìbá ṣe pé kò sí Bàbá Iná, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nínú rúkèrúdò àná, kò sẹ́ni tó rántí aago. Mísbáù ti ń lá àlá ọjọ́ yìí láti ìgbà tí páńẹ́lì àkọ́kọ́ ti gòkè. Ó dúró síbẹ̀, àtẹ́wọ́ náà sì ń dún sí i létí bí ìgbà tí wọ́n ń gbá ẹlòmíì lójú.

Nírọ̀lẹ́, ó ra ọsàn díẹ̀, ó lọ kí Salimat. Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ tó funfun báláú. Ó wo Mísbáù, kò kí i.

"Bàbá Iná," ló wí nígbà tó pẹ́, "aago ò dún."

Mísbáù jókòó. Ó fẹ́ sọ pé ó dún, pé Salimat ni kò gbọ́. Kò lè sọ ọ́.

"Mo fetí sílẹ̀ fún un," ni Salimat wí. "Ìdí tí mo fi ki ọwọ́ bọ ọ́ nìyẹn. Mo ní ọkàn mi balẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò lù ú?"

"Mò ń yára," ni Mísbáù wí. Nígbà tó ti la ẹnu, kò lè pa á dé mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: pé máníjà ń wo òun, pé òun fẹ́ kí Sirajudeen rí òun, pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti mọ ohun tó ń da iná láàmú, tí Sirajudeen bi òun, tí òun sì ní òun ò mọ̀.

Salimat ò pariwo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí ìrọ̀rí. "Ìka mi lẹ wá fi jowú," ló wí. "Ẹ ń jowú ẹlòmíì, ìka tèmi lẹ fi san án." Ó kọjú sí ògiri. "Ẹ kó ọsàn yín. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún."

Mísbáù ò sùn dáadáa, àmọ́ ó lọ. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì máníjà láàárọ̀, Sirajudeen wà níbẹ̀, ó ń buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi fẹ́ kó páńẹ́lì lọ. Mísbáù dúró, kò gbà láti jókòó. Ó ṣàlàyé bí kékeré àti ìnfátà ṣe ń bára wọn jà, bí ó ṣe jẹ́ pé àìsí ìwúwo ló fà á. Ó sọ̀rọ̀ aago. Ó sọ irọ́ tó pa. Nígbà tó parí, máníjà kọ́kọ́ gbé gègé rẹ̀ kalẹ̀, ó wá dìde, ó ní kó jáde kúrò níwájú òun, òun ò fẹ́ rí i lọ́gbà yẹn mọ́.

Sirajudeen ló bá a ní géètì. Kò dọ̀bálẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo bi yín," ló wí, "mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú yín. Ẹ wò mí lójú."

"Mo wò ọ́ lójú," ni Mísbáù wí.

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. O ò ṣẹ̀ mí, síbẹ̀ n kò lè gbádùn."

Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá, eruku bo àwọn méjèèjì. "Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má lé yín," ni Sirajudeen wí níkẹyìn. "Kì í ṣe torí àánú. Èmi náà jẹ̀bi. Mo pa ẹ́ńjìnnì tó wúwo láì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n tún un ṣe, mo nílò yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lábúrò fúngbà díẹ̀ ná."

Máníjà gbà fún Sirajudeen pé kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n dá Mísbáù dúró fún oṣù kan gbáko. Wọ́n gba ipò olórí ilé ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà, òun àti Sirajudeen ṣiṣẹ́ papọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Wọ́n dá Ìyá Àgbà padà sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán, wọ́n ní kí kékeré sinmi. Sirajudeen tún ìnfátà ṣe kó má máa yára fèsì mọ́, ó sì kó bátìrì wá, kí wọ́n máa bu iná síta lójú ẹsẹ̀ tí ìkùukùu bá dé. Ó ní kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa kọ bí iná ṣe rí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ìkùukùu mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọjá. Ọ̀pá aago mì lẹ́ẹ̀kan, ó padà sórí àádọ́ta, ó dúró. Nínú gbọ̀ngàn, òwú kan ṣoṣo ò já. Sólà kò wálẹ̀ lórí òrùlé mọ́.

Salimat padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìka kan ṣeé tẹ̀ dáadáa. Èkejì ò tẹ̀ tán. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Fún ìgbà pípẹ́, bí Mísbáù bá kí i, á jẹ́ ẹ lábẹ́ ètè, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mísbáù ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àwẹ̀ ọdún yẹn, Lateefah ní kí wọ́n pe Sirajudeen wá ṣínu. Mísbáù pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Nígbà kẹta, ó wá. Ó gbé mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, ó mú dàbínù lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí Lateefah. Wọ́n jẹun tán, wọ́n kírun. Lateefah wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Wo bí o ṣe dà! Sirajudeen, ọkùnrin gidi lo dà. Inú ìyá rẹ yóò máa dùn lójoojúmọ́."

Owú yẹn tún ta Mísbáù láyà, bí ìgbà tí èèrà bá gé ènìyàn jẹ. Ó mọ̀ ọ́n. Ó jókòó díẹ̀ pẹ̀lú owú náà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rí i pé omi ti tán nínú ife àlejò, ó sì lọ bù ú wá.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Sirajudeen wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.